Sọ́fítíwià ìsanwó òṣìṣẹ́: iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọrùn agbanisíṣẹ́ ni gbèsè ṣì wà

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí tí ilé iṣẹ́ kan ń ṣe fún àwọn agbanisíṣẹ́. Wọ́n á gba àkọsílẹ̀ wákàtí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́, sọ́fítíwià wọn á ṣírò owó tó tọ́ sí i, á yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì, á tẹ ìwé owó oṣù jáde, á sì fi àṣẹ ìsanwó ránṣẹ́ sí báńkì. Èmi ni mo ń bójú tó owó oṣù níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì ti lo iṣẹ́ náà pẹ́ tó kí n lè sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí mo ní lọ́kàn kan gbogbo àwọn tó ń ta irú ọjà yìí. Àwọn tó máa ń kọ àyẹ̀wò sọ́fítíwià báyìí sábà máa ń wo bó ṣe yá tó àti bó ṣe rọrùn tó. Ìbéèrè tí èmi fi wọ̀n ọ́n yàtọ̀: bí owó tí òṣìṣẹ́ gbà bá dín sí èyí tí òfin ní kó gbà, ṣé sọ́fítíwià yìí ni yóò ta wá lólobó, àbí òun gan-an ni yóò fà á? Bí ó bá sì fà á, ta ni òfin yóò mú?

Ohun tó dára níbẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Akọ̀wé tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò lè kọ́ ọ láìpẹ́. Ìwé owó oṣù tó ń tẹ̀ jáde ṣe kedere: wákàtí iṣẹ́, iye owó wákàtí kan, ófátáìmù, ohun tí wọ́n yọ àti ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́, olúkúlùkù ló ní ìlà tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba yí iye owó tó kéré jù lọ tí òfin ní kí a san fún òṣìṣẹ́ padà, wọ́n ti tún tábìlì iye owó tó wà nínú sọ́fítíwià wọn ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tó bá ti fi ìwé àti bírò ṣe ìṣirò owó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rí yóò mọ ìtura tó wà nínú èyí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa ni ìwé àdéhùn wọn. Ní apá ìparí rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í kà dé, wọ́n kọ ọ́ pé oníbàárà ló ni ojúṣe láti rí i pé owó tí sọ́fítíwià bá ṣírò bá òfin mu, àti pé bí àṣìṣe kan bá wáyé, gbogbo ohun tí wọ́n lè san padà kò ní ju owó tí oníbàárà san fún wọn láàárín ọdún kan lọ. Nínú ìpolówó wọn, wọ́n ní kí agbanisíṣẹ́ lọ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òfin. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, èyí tó wà nínú ìwé àdéhùn ni kóòtù yóò sì kà.

Kódà ká ní wọn kò kọ ìlà yẹn rárá, ipò agbanisíṣẹ́ níwájú òṣìṣẹ́ kò ní yí padà. Òṣìṣẹ́ kò bá ilé iṣẹ́ sọ́fítíwià ṣe àdéhùn kankan. Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ ló bá ṣe é, ọwọ́ ọ̀gá náà ni yóò sì ti béèrè owó tó kù, yálà akọ̀wé ló ṣì í ṣírò tàbí kọ̀ǹpútà. Ní Amẹ́ríkà, òfin Fair Labor Standards Act ti ọdún 1938 sọ pé agbanisíṣẹ́ tó bá san owó tó dín yóò san èyí tó kù, yóò sì tún san iye kan náà lé e lórí, pẹ̀lú owó agbẹjọ́rò òṣìṣẹ́ tó bá jàre. Adájọ́ lè dín ìlọ́po yẹn kù bí agbanisíṣẹ́ bá fi hàn pé òótọ́ inú ni òun fi ṣe é àti pé ìdí tó mọ́gbọ́n dání wà tí òun fi rò pé òun kò rú òfin, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ ti ọdún 1998, iye owó tó wà lóde lónìí ni wọ́n ń fi ṣírò gbèsè àtijọ́ bí ti òní bá pọ̀ ju ti àná lọ. Owó ìtanràn tó jẹ́ ìlọ́po méjì gbèsè náà lè tẹ̀ lé e, tí yóò sì lè dé £20,000 lórí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, àyàfi pé ìdajì rẹ̀ ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14. Ọsirélíà tilẹ̀ ti kọjá ọ̀rọ̀ owó: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, agbanisíṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ san owó tó dín sí ti òfin ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún mẹ́wàá. Àṣìṣe tí kò ní ẹ̀tàn nínú kò sí lára ẹ̀ṣẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ láti san.

Àwọn tó ń ta irú iṣẹ́ yìí náà kò bọ́ pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé àdéhùn wọn fẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, kóòtù kan ní Ọsirélíà dá ilé iṣẹ́ oníṣirò kan lẹ́bi pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ tó ń ta oúnjẹ, nítorí pé oníṣirò náà mọ̀ pé iye owó tó wà nínú ètò ìsanwó tí òun ń bá wọn ṣe dín sí ti òfin, síbẹ̀ tó ń bá iṣẹ́ lọ. Ilé iṣẹ́ náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọn kò sì jàre ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo fi ọ̀rọ̀ ìdájọ́ yìí lọ aṣojú ilé iṣẹ́ sọ́fítíwià tó ń bá wa dúnàádúrà. Ó ní òun yóò fi tó àwọn agbẹjọ́rò wọn létí. N kò tíì gbọ́ èsì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wọ inú sọ́fítíwià náà fúnra rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá rà á yí padà ni bí ó ṣe ń gé ìṣẹ́jú. Bí wọ́n ṣe gbé e fún wa, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń ka àkókò, ó sì máa ń gé e sí ìhà kan náà ní gbogbo ìgbà. Òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago 7:53 ni yóò kọ sílẹ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀ ní 8:00. Èyí tó dé ní 8:03 ni yóò kọ pé ó dé ní 8:15. Ẹni tó ṣíwọ́ ní 5:07 ní ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣíwọ́ ní 5:00 lójú tirẹ̀. Ẹni tó ń tètè dé, tó sì ń pẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, yóò pàdánù ìṣẹ́jú 14 lójúmọ́, tó jẹ́ ìṣẹ́jú 70 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Bí owó rẹ̀ bá wà ní iye tó kéré jù lọ tẹ́lẹ̀, ó ti wọ abẹ́ ìlà nìyẹn. Ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà gba kí agbanisíṣẹ́ gé àkókò sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó súnmọ́ jù lọ, ṣùgbọ́n ó ní kí èrè àti àdánù rẹ̀ dọ́gba bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, kí òṣìṣẹ́ má baà ṣiṣẹ́ tí kò gbowó fún. Èyí tó ń gé e sí ojú kan ṣoṣo kò lè bá ìlànà yẹn mu. Bọ́tìnì kan wà tí ènìyàn lè fi pa á, kí sọ́fítíwià máa ka ìṣẹ́jú bí ó ṣe rí gan-an. Inú ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í dé ni wọ́n fi sí.

Ófátáìmù ni mo fi àkókò mi wò jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń fara pamọ́ jù lọ. Sọ́fítíwià náà mọ̀ pé wákàtí tó bá kọjá 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí ó ti wà nínú òfin Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà, ni a ó san ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí a ó sọ di ìlọ́po kan àti ààbọ̀ náà. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ kan ń gba owó 10 fún wákàtí kan, tó ṣiṣẹ́ wákàtí 50 lọ́sẹ̀ kan, tí wọ́n sì ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ pé wọn yóò fún un ní owó ìwúrí 50 bí ó bá parí iye iṣẹ́ kan. Sọ́fítíwià yóò san 400 fún wákàtí 40 àkọ́kọ́, yóò san 150 fún wákàtí 10 tó kù, yóò fi 50 kún un, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ 600. Lójú òfin, owó ìwúrí tí a ti ṣèlérí jẹ́ ara owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà. Wákàtí 50 ní 10 jẹ́ 500, pẹ̀lú 50 ó di 550. Pín in sí wákàtí 50, owó wákàtí kan ti di 11. Ààbọ̀ rẹ̀, tó jẹ́ 5.5, ni a ó fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wákàtí 10 tó kọjá ààlà, ìyẹn 55, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ á wá jẹ́ 605.

Owó márùn-ún péré ló yà wọ́n, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí yóò tètè rí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 52, ó ti di 260 fún ẹnì kan. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ 30, ó di 7,800. Bí kóòtù bá ní kí a san iye kan náà lé e, ó di 15,600, láì tíì ka owó agbẹjọ́rò. Òfin náà fàyè gba òṣìṣẹ́ láti béèrè gbèsè ọdún méjì sẹ́yìn, tàbí mẹ́ta bí agbanisíṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin. Mo kọ ìṣirò yìí ránṣẹ́ sí àwọn olùrànlọ́wọ́ oníbàárà wọn. Èsì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ni pé sọ́fítíwià ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ láàárín wọn kọ̀wé pé a lè sàmì sí owó ìwúrí náà kó lè wọ inú ìṣirò, ó sì fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wá. Ọ̀nà náà ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ní ti owó yíyọ, sọ́fítíwià yìí lawọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ààyè wà níbẹ̀ láti yọ owó aṣọ iṣẹ́, owó irinṣẹ́, owó ohun tó fọ́, àti owó tó bá dín nínú àpótí lópin ọjọ́, iye yòówù tí akọ̀wé bá sì kọ ni yóò yọ. Ó máa ń kìlọ̀ bí nọ́ńbà àkáǹtì báńkì bá dín ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kì í sọ nǹkan kan bí ohun tó kù fún òṣìṣẹ́ bá ti wọ abẹ́ iye tó kéré jù lọ. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú òfin: Àdéhùn 95 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní ọdún 1949 lórí ààbò owó iṣẹ́ sọ pé a kò gbọdọ̀ yọ nínú owó òṣìṣẹ́ àyàfi ní ọ̀nà àti dé ìwọ̀n tí òfin orílẹ̀-èdè tàbí àdéhùn àjùmọ̀ṣe bá fàyè gbà. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí aṣọ iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ pa láṣẹ bá mú kí owó ẹni tó wọ̀ ọ́ rẹlẹ̀ ju iye tó kéré jù lọ, gbèsè ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i.

Mo sọ̀rọ̀ nípa fífọwọ́ sí i nítorí pé ohun kan wà nínú sọ́fítíwià yìí tí àwọn tó ń tà á fi ń yangàn. Kí òṣìṣẹ́ tó lè rí ìwé owó oṣù rẹ̀ lórí fóònù, yóò kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì kan tó sọ pé òun gbà pé owó náà pé, òun kò sì ní ẹjọ́ kankan. Bọ́tìnì yìí kò wúlò fún agbanisíṣẹ́. Kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ láti ọdún 1945, nínú ẹjọ́ Brooklyn Savings Bank àti O'Neil, pé òṣìṣẹ́ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ tí òfin owó iṣẹ́ fún un, torí pé bí ó bá lè yọ̀ǹda rẹ̀, òfin náà kò ní lágbára mọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1998 náà kò ka àdéhùn tó bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí nǹkan kan. Ohun tó burú nínú bọ́tìnì náà ni pé ó ń pa ẹnu mọ́: ẹni tó rí i pé owó òun dín yóò tẹ̀ ẹ́ kó lè rí ìwé rẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò sì rò pé àlàáfíà wà títí ìwé ìpẹ̀jọ́ yóò fi dé. À bá fẹ́ràn bọ́tìnì tí òṣìṣẹ́ lè fi sọ pé wákàtí òun kò pé. A ti ní kí wọ́n pa èyí tó wà níbẹ̀ fún wa, wọ́n sì pa á.

Àpótí kékeré mìíràn wà tí akọ̀wé máa ń fi yan bóyá ẹni tuntun jẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí agbaṣẹ́ṣe. Bí ó bá yan agbaṣẹ́ṣe, sọ́fítíwià á pa ọ̀rọ̀ ófátáìmù àti iye tó kéré jù lọ tì, kò sì ní béèrè ìbéèrè kankan. Kóòtù ní tirẹ̀ máa ń béèrè. Ní oṣù kejì ọdún 2021, kóòtù tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn awakọ̀ Uber tó gbé ẹjọ́ wá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó tó kéré jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adáṣẹ́ṣe ni ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí pè wọ́n. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an ni àwọn adájọ́ wò, pàápàá ẹni tó ń dá iye owó lé e àti ẹni tó ń darí rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ni ibi tí sọ́fítíwià yìí ti yẹ fún ìyìn jù, ó sì ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń tà á fúnra wọn ṣe mọ̀ lọ. Ó ń tọ́jú aago tí òṣìṣẹ́ wọlé àti èyí tó jáde gan-an, yàtọ̀ sí èyí tó gé. Bí ẹnikẹ́ni bá yí wákàtí kan padà, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ náà àti ìdí rẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀, kò sì ṣeé pa rẹ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn ẹjọ́ owó iṣẹ́ yóò mọ iyì èyí. Ní ọdún 1946, nínú ẹjọ́ Anderson àti Mt. Clemens Pottery, níbi tí àwọn amọ̀kòkò ti ń béèrè owó àkókò tí wọ́n fi ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí iṣẹ́ wọn, kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé bí agbanisíṣẹ́ kò bá tọ́jú àkọsílẹ̀ tó péye, kò yẹ kí òṣìṣẹ́ jìyà rẹ̀: bí òṣìṣẹ́ bá ti lè fi ẹ̀rí tó bọ́gbọ́n mu ṣe ìṣirò wákàtí rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ni yóò kù fún láti já a ní irọ́. Ìjọba fi òfin mìíràn gé owó ìrìn náà kúrò ní ọdún 1947, ṣùgbọ́n ìlànà lórí àkọsílẹ̀ ṣì dúró. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, wọ́n á kọ́kọ́ gbà pé owó náà dín, agbanisíṣẹ́ ni yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé ó pé.

Àléébù tó wà níbẹ̀ kò kéré. Bí àdéhùn bá parí, wọ́n ní àwọn yóò pa gbogbo àkọsílẹ̀ oníbàárà rẹ́ láàárín oṣù mélòó kan. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta ni òfin ní kí agbanisíṣẹ́ fi tọ́jú ìwé ìsanwó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́fà. Ní Ọsirélíà ọdún méje. Oníbàárà tó bá kúrò lọ́dọ̀ wọn láì kó ẹrù rẹ̀ jáde yóò dúró níwájú adájọ́ lọ́wọ́ òfo, kò sì sí ibì kankan nínú sọ́fítíwià náà tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un.

Ṣé mo lè sọ fún ẹlòmíràn pé kó rà á? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá ní ẹnì kan lọ́wọ́ tó mọ ìṣirò owó iṣẹ́ láì lo sọ́fítíwià, tó sì lè yan ìwé owó oṣù díẹ̀ lóṣooṣù kó fọwọ́ ṣe wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ rà á kó lè dá irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ dúró, n kò lè sọ pé kó ṣe é. Ní Kánádà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ìsanwó Phoenix jáde ní ọdún 2016, wọ́n ti dín àwọn tó mọ iṣẹ́ ìsanwó kù ṣáájú. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gba owó tó dín, tí àwọn kan gba èyí tó pọ̀ jù, tí àwọn kan kò sì rí gbà rárá, àwọn tó lè tún un ṣe kò tó mọ́, ìjọba ló sì padà san owó gbà-má-bínú fún àwọn òṣìṣẹ́.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún un. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló gba méjì nínú wọn, ìwé owó oṣù tó mọ́ sì gba ọ̀kan. A fẹ́ tún àdéhùn wọn ṣe fún ọdún kan sí i, a sì ti béèrè pé kí wọ́n fi ohun méjì kún un: kí wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ wa fún wa kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí wọ́n sì ru gbèsè tó bá wá láti inú àṣìṣe tábìlì tiwọn. Wọ́n ti gba ti àkọsílẹ̀. Ti gbèsè ni wọn kò tíì gbà.